Aṣọ àtijọ́ di tuntun: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé sísọ́ọ̀sì sí aṣọ òkè màmá àgbà

Ó ṣòro kẹ́ ẹ wọ ilé kan ní Ìkẹ́nnẹ́, tàbí níbikíbi ní Rẹ́mọ, kẹ́ ẹ má bá àpótí aṣọ tí wọn ò wọ̀ mọ́. Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó wà níbẹ̀, ti òkú àgbà wà níbẹ̀, ti ìwúyè wà níbẹ̀. Léèsì tí wọ́n fi owó gọbọi rà, tí wọn ò wọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kàfúrà ló ń ṣọ́ gbogbo wọn.

Àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣí àpótí yìí báyìí. Wọ́n á rí jákẹ́ẹ̀tì kan lórí Instagram, wọ́n á wo iye tí dìsáínà ń tà á, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á wá rántí pé aṣọ òkè màmá àgbà ń bẹ nílé. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ lọ́dún 2023, tí owó aṣọ tuntun sì ti gun òkè àjà, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní fáàrí lásán. Ó ti di ọ̀rọ̀ àpò.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé aṣọ tí wọ́n bá ti gé kò ṣeé dá padà. Mo ti rí etù gidi tó di àpò fóònù nítorí pé télọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì. Ohun tó ń mú aṣọ dà bíi ti dìsáínà ni bí wọ́n ṣe gé e, bí inú rẹ̀ ṣe mọ́ tó, àti ibi tí ojú ìránṣọ bọ́ sí. Orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọrùn ẹ̀ ò ràn án. Gbogbo èyí sì sinmi lórí iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa ṣe kẹ́ ẹ tó gé ohunkóhun.

Léèsì àti kákí, ọmọ ìlú kan náà

Ìkẹ́nnẹ́ kì í ṣe àjèjì nídìí ọ̀rọ̀ aṣọ. Ìyá wa, Olóyè Hannah Ìdòwú Dídeolú Awólọ́wọ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí H.I.D., ọmọ ìlú náà ni. Ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1915 ni wọ́n bí i. Nígbà tó jáde láyé lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ó ku nǹkan bí oṣù méjì péré kó pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìyàwó Awólọ́wọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n oníṣòwò gidi ni, aṣọ sì wà lára ohun tó ń tà. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù láti 1944 sí 1946, òwò ìyá yìí wà lára ohun tó gbé ilé ró. Wọ́n sì ka ìyá mọ́ àwọn tó kọ́kọ́ ń kó léèsì wọ orílẹ̀-èdè yìí láti òkè òkun.

Léèsì ìgbà náà ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ tún aṣọ rán. Láti àwọn ọdún 1960 síwájú, Austria àti Switzerland ni èyí tó gbayì jù ti ń wá, láti agbègbè Lustenau àti St. Gallen. Ẹ̀rọ ló ń fi òwú ya iṣẹ́ ọnà sórí aṣọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé òwú gidi ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ó wúwo, ó nípọn, kì í tètè fà ya. Bẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀ nínú àpótí, ẹ mọ̀ pé aṣọ tó lè pẹ́ ju ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ lẹ dì mú.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ míì ni Táí Ṣólàárín, ẹni tó dá Mayflower School sílẹ̀ nílùú náà lóṣù Kìíní ọdún 1956. Ọ̀gá yìí ò rí ti léèsì rò. Ṣẹ́ẹ̀tì, ṣòkòtò péńpé àti fìlà ni aṣọ tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ ọ́n mọ́, kákí ló sì fẹ́ràn jù. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ò sì kọ́ ọmọ kankan láti jókòó kó máa wo oníṣẹ́ ọwọ́. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń dáko, wọ́n ń bá wọn kọ́ ilé. Bí ẹ bá wá bi mí pé aṣọ wo ni kí ẹni tí kò ríránṣọ rí fi kọ́ṣẹ́, kákí ni n óò mú. Kì í yọ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, ó gba áyọ́ọ̀nù gbígbóná, bẹ́ ẹ bá sì bà á jẹ́, kò sí ẹbí tó máa pe ìpàdé lé yín lórí.

Kẹ́nikẹ́ni má sì sọ fún yín pé àṣà òyìnbó lẹ ń kọ́. Àwọn àgbà ló ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà nínú òwe yẹn, ọrọ̀ ni. Ẹ wo ẹ̀kú egúngún: aṣọ lórí aṣọ ni, ẹbí á fi tuntun kún ti àtijọ́ láti ọdún dé ọdún, débi tí aṣọ ìran mẹ́ta lè wà lára egúngún kan ṣoṣo. Ìró tó gbó a di ọ̀já tí wọ́n fi ń pọn ọmọ. Agbádá bàbá a di dàńṣíkí ọmọ méjì. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, fìlà.

Ẹ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ fa òwú kan yọ nínú ojú ìránṣọ, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i. Ẹ fi irin dì í mú lórí abọ́ omi, kẹ́ ẹ ṣáná sí i. Bó bá jó bíi bébà, tó ń rùn bíi bébà, tí eérú rẹ̀ sì rọ̀, òwú ni. Bó bá yọ́, tó wá dì bíi kókó líle, pọ́líẹ́sítà ni. Bó bá ń rùn bí irun tó jóná, sílíìkì tàbí irun àgùntàn ni.

Ìdánwò kékeré yìí máa ń gba èèyàn lọ́wọ́ wàhálà ńlá. Pọ́líẹ́sítà lé ní ìdajì gbogbo òwú tí ayé ń ṣe lónìí, nítorí náà ẹ máa pàdé ẹ̀ dáadáa. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná á yọ́ ọ. Aró ò sì ní mú un: ẹni tó bá rò pé òun á kó aṣọ tó ní àbàwọ́n lọ bá àwọn aláró n'Ítòkú l'Ábẹ́òkúta, kó kọ́kọ́ rí i dájú pé òwú ni.

Ní ti aṣọ òkè, orúkọ mẹ́ta lẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà. Sányán, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, inú ilé kòkòrò ni wọ́n ti ń rí òwú rẹ̀. Etù jẹ́ búlúù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, ẹlú ni wọ́n fi ń pa á láró. Àlàárì ni pupa. Lónìí, òwú ilé iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ahunṣọ ń lò, orúkọ wá di orúkọ àwọ̀. Bí iná bá fi hàn pé sányán yín ń rùn bí irun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà sínú àpótí kẹ́ ẹ lọ wá nǹkan míì gé. Irú ẹ̀ ti wọ́n lóde.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé aṣọ náà sójú fèrèsé. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ tótòtó, ó ti gbó níbẹ̀. Ẹ wo ibi ìjókòó, ìgbọ̀nwọ́ àti abíyá. Ẹ wá wo ojú ìká pẹ̀lú. Aṣọ tí wọ́n ká bákan náà fún ogún ọdún máa ń já lójú ìká, pàápàá tó bá ní òwú tó ń dán nínú. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gbogbo ibẹ̀. Kò gbọdọ̀ bọ́ sí èjìká tàbí ìgbọ̀nwọ́ aṣọ tuntun, torí ibẹ̀ ló ti máa kọ́kọ́ ya.

Láti ìró dé jákẹ́ẹ̀tì

Ẹ jẹ́ ká mú jákẹ́ẹ̀tì, torí òun ni gbogbo ayé ń fẹ́: kúkúrú, èjìká rẹ̀ fẹ̀, kò fún mọ́ra, síìpù tàbí bọ́tìnì wà níwájú. Aṣọ òkè bá a mu, nítorí bí wọ́n ṣe ń hun ún. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ni aṣọ òkè, nǹkan bí ínṣì 4 sí 6 ní fífẹ̀, tí wọ́n rán pọ̀ mọ́ra wọn títí tó fi di ìró. Ohun tí wọ́n rán pọ̀ ṣeé tú. Bẹ́ ẹ bá tú ìró kan délẹ̀, ẹ ò ní aṣọ tí wọ́n ti gé lọ́wọ́ o. Ọ̀já gígùn gbọọrọ lẹ ní, etí rẹ̀ ṣì pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, bó ṣe kúrò lórí òfì lọ́jọ́ kìíní.

Títú yìí ni iṣẹ́ gan-an. Abẹ́ kékeré tàbí irin ìtúṣọ ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ já òwú ìránṣọ ní ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn ihò mẹ́rin márùn-ún, kẹ́ ẹ wá fà á láti ẹ̀yìn. Ẹ má dá ọ̀já méjì mú kẹ́ ẹ máa fà wọ́n ya bí ẹní ya ìwé ìròyìn. Òwú aṣọ fúnra ẹ̀ á bá a lọ. Bẹ́ ẹ ṣe ń tú u ni kẹ́ ẹ máa fi bébà kékeré kọ nọ́ńbà mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì sàmì sí ojú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó lè gbà yín ní ìrọ̀lẹ́ méjì. Ẹ fi fíìmù sí i.

Ẹ má rì í sómi. Ẹ mú aṣọ funfun tó tutù díẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ igun kan. Bí àwọ̀ bá ràn mọ́ funfun, aró rẹ̀ ṣì ń jáde, omi á sì kó o bá àwọn àwọ̀ yòókù. Ẹ sá a síbi tí afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ ibòji fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, òórùn kàfúrà á lọ. Oòrùn gangan ń ṣá aṣọ.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀já kan, ẹ fi bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì tó ti gbó rán jákẹ́ẹ̀tì náà lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ gbọ́wọ́ sókè, ẹ jókòó, ẹ wo dígí. Bí abíyá bá ń fún yín, ara bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì lẹ ti máa tún un ṣe. Àwọn ilé dìsáínà tó gbówó lórí jù láyé kì í fo ibi yìí, àwọn télọ̀ wa ló máa ń sọ pé àwọn ti mọ̀ ọ́n lójú.

Ẹ wá to àwọn ọ̀já náà jọ lórí tábìlì. Ẹ jẹ́ kí ojú ìránṣọ jákẹ́ẹ̀tì bọ́ sí etí ọ̀já níbi tó bá ti ṣeé ṣe, torí etí kì í tú. Ibi tẹ́ ẹ bá gbọ́dọ̀ gé, ẹ kọ́kọ́ lọ gọ́ọ̀mù sí ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí àwọn télọ̀ ń pè ní gum stay, kẹ́ ẹ tó gé e. Aṣọ òkè tí wọ́n gé láìsí gọ́ọ̀mù á tú dànù lójú yín. Ẹ lo ìpèlé fún apá, ìró fún ara, kẹ́ ẹ fi gèlè sílẹ̀ fún kọ́là àti ẹnu àpò. Ilà ọ̀já iwájú gbọ́dọ̀ pàdé ara wọn níbi síìpù, tòsì pẹ̀lú tọ̀tún. Ibẹ̀ ni ojú èèyàn máa kọ́kọ́ lọ.

Láínìn ò ṣeé fo. Ìdí méjì ni: aṣọ òkè ń họ ara, láínìn sì ni ò jẹ́ kí aṣọ àtijọ́ fà ya nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọ̀ ọ́ bọ́ ọ. Àǹkárá tó ti ṣá dára fún un, ó rọ̀, òwú ni, ó sì wà nílé.

Léèsì ní ọ̀nà tiẹ̀. Etí rẹ̀ tó rí kọrọdọ-kọrọdọ ni ẹwà rẹ̀, ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ nìkan ló sì wà. Torí náà, ìsàlẹ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n: ẹ fi etí yẹn ṣe ìsàlẹ̀ síkẹ́ẹ̀tì tàbí ẹnu apá, kẹ́ ẹ wá gé òkè. Níbi tí ègé méjì bá ti máa pàdé, ẹ gé yí òdòdó ara rẹ̀ ká, ẹ gbé ọ̀kan lé ìkejì, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ rán an. Ojú ìránṣọ á pòórá. Bó bá ní òkúta dídán, ẹ yọ gbogbo èyí tó wà lójú ọ̀nà abẹ́rẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, abẹ́rẹ́ á ṣẹ́, ó sì lè fò bá ojú. Jíǹsì ní tiẹ̀ ń fẹ́ abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 16. Èyí tó wà nínú ẹ̀rọ ọ̀pọ̀ télọ̀ àdúgbò kéré sí i, ẹ béèrè.

Ohun tẹ́ ẹ lè jí lọ́wọ́ dìsáínà

Ẹ wo fọ́tò aṣọ tó wù yín, kẹ́ ẹ má wo àwọ̀ rẹ̀. Ẹ ka iye ègé tí wọ́n rán pọ̀. Ẹ wo ibi tí èjìká parí sí, bóyá ó kọjá èjìká ẹni tó wọ̀ ọ́. Ẹ wo ibi tí gígùn rẹ̀ dé, bí àpò ṣe jókòó. Ohun tẹ́ ẹ lè mú lọ bá aṣọ tiyín nìyẹn.

Àwọn dìsáínà ńlá fúnra wọn ń ṣe iṣẹ́ yìí. Lamine Kouyaté, ọmọ Mali tó dá Xuly.Bët sílẹ̀ ní Paris, gbajúmọ̀ láwọn ọdún 1990 nítorí pé ó ń tú aṣọ àlòkù, ó ń tún un rán pẹ̀lú òwú pupa tó hàn gbangba síta. Kò fi oríkèé bò. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé bí ojú ìránṣọ yín ò bá ṣeé fi pamọ́, ẹ sọ ọ́ di ọ̀ṣọ́. Lọ́dún 1991, Martin Margiela, ọmọ Belgium, fi ìbọ̀sẹ̀ sójà rán súwẹ́tà. Ó gbé ibi gìgísẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ náà sí ìgbọ̀nwọ́ àti àyà, níbi tí ara èèyàn ti yọ sóde. Aṣọ àtijọ́ ti ní kọ́ńdọ́ tirẹ̀. Ẹ wá ibi tó bá ara mu.

Èyí tó jọ mí lójú jù wà nílé. Nkwo Onwuka, ọmọ Nàìjíríà tó ni NKWO, ń gé jíǹsì àjẹkù sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń rán an pọ̀ di aṣọ tó pè ní Dakala. Ẹ wò ó dáadáa, ọgbọ́n ọ̀já aṣọ òkè náà ni. Lagos Fashion Week, tí Ọmọ́yẹmí Akérélé dá sílẹ̀ lọ́dún 2011, gba ẹ̀bùn Earthshot lọ́dún 2025 ní ẹ̀ka tó dá lórí dídín ìdọ̀tí kù.

Ìdọ̀tí yẹn sì pọ̀. Òkìríkà, tó gba orúkọ lára ìlú Okrika ní ìpínlẹ̀ Rivers, ṣì kún ọjà wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣọ́bodè Nàìjíríà ti fòfin de kíkó o wọlé. Ní Accra, ọjà Kantamanto nìkan ń gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 aṣọ lọ́sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àjọ The Or Foundation ṣe ṣírò ẹ̀. Níbẹ̀ gan-an, àwọn télọ̀ tó ń sọ ògbólógbòó di tuntun pọ̀ jaburata, kí iná tó jó ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 2025.

Ohun kan tí mi ò ní fọwọ́ sí ni lébẹ́ẹ̀lì. Kẹ́ ẹ rí jákẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ rán èyí tó jọ ọ́ fún ara yín, kò sí ìjà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ wá ra lébẹ́ẹ̀lì Gucci lọ́jà kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ òkè ìyá yín, ayédèrú nìyẹn, òfin àmì ọjà sì wà fún un. Yàtọ̀ sí òfin, ẹ gbà á rò: ta ló yẹ kó fi orúkọ ta sí aṣọ yẹn?

Ta ló láṣọ?

Bí ìyá bá wà láàyè, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má ní "kò kúkú wọ̀ ọ́ mọ́." Aṣọ tí kò wọ̀ mọ́ yẹn lè jẹ́ èyí tó fi ṣe ìyàwó, ó sì lè jẹ́ èyí tó ti pinnu pé kí wọ́n fi sin òun. Tó bá ti jáde láyé, aṣọ rẹ̀ ti di ogún. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Peckham náà ní ìpín níbẹ̀, àbúrò tó wà ní Ṣàgámù ní ìpín, kó dà, èyí tí kò bìkítà lónìí á bìkítà lọ́jọ́ tó bá rí i lára yín lórí WhatsApp. Ẹ ya fọ́tò aṣọ náà ní odindi, iwájú àti ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, kẹ́ ẹ gba "ó dáa" lẹ́nu wọn kẹ́ ẹ tó tú okùn kan. Bí ẹnì kan bá kọ̀, ìpèlé nìkan tó láti rán fẹ́ẹ̀sìtì aláìlápá, ìró á wà bó ṣe wà. Bí gbogbo wọn bá gbà, ọ̀já mẹ́wàá lè di jákẹ́ẹ̀tì kan, kí èyí tó kù di fìlà fún àwọn yòókù. Fìlà ò gba aṣọ púpọ̀.

Ẹ bá télọ̀ sọ ọ́ kó yé e kó tó gbà á: ó lè gba owó ju ti aṣọ tuntun lọ, torí títú àti títò ń jẹ àkókò, ìyẹn ò burú. Ẹ kọ iye ọ̀já tẹ́ ẹ kó fún un sílẹ̀ lójú ẹ̀. Kó dá gbogbo ègé tó ṣẹ́ kù padà, títí kan èyí tó kéré bí àtẹ́lẹwọ́. Ọjọ́ tí ìgbọ̀nwọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà bá já, òun lẹ máa fi lẹ̀ ẹ́.